Ẹ̀KỌ́ KẸWÀÁ: OWÓ ÌRÀPADÀ ỌMỌ OLÓWÓ

Bíbélì Kíkà: Orin Dáfídì 49:1-15, Nehemáyà 5:6-8, Máàkù 10:35-45
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Orin Dáfídì 49:15
Àfikún Kíkà: Ẹ́kísódù 21:16, 29-30, 1 Sámúẹ́lì 30:1-19, 1 Pétérù 1:18-19

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Orin Dáfídì 49, kí ẹnì kan nínú kíláàsì sì kà á sókè títí dé ẹsẹ 15. Ẹ ó ṣe àkíyèsí pé kì í ṣe àdúrà, kì í sì í ṣe orin ọpẹ́. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ dàbí àgbà tí ó pe gbogbo ìlú jọ, olówó àti tálákà, kí ó lè pa àlọ́ kan fún wọn. Àlọ́ náà ni pé: kí ni ohun tí olówó ń fẹ́ rà tí owó rẹ̀ kò lè rà? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ẹsẹ 7 sí 9. Ẹ̀mí ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Iye tí a ń dá lé ẹ̀mí ju ohun tí ó wà nínú àpótí ẹnikẹ́ni lọ.

Láti kékeré ni púpọ̀ nínú wa ti ń lo ọ̀rọ̀ náà "ìràpadà" nínú orin àti àdúrà, tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í ronú sí i mọ́. Ní etí àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni. Bí màlúù ẹnì kan bá kan ènìyàn pa, tí ẹni tí ó ni ín sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń kàn, ikú tọ́ sí ẹni náà. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí ó san owó tí a bá bù lé e, kí ó fi ra ẹ̀mí ara rẹ̀ padà (Ẹ́kísódù 21:29-30). Ní àkókò tiwa yìí, àwọn ajínigbé ti dá ìtumọ̀ àtijọ́ náà padà fún wa. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì yìí tí kò mọ ohun tí ó jẹ́ kí fóònù dún lóru, kí ohùn àjèjì sì dárúkọ ọmọ àti iye owó.

A ó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn bàbá olówó méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtàn àwọn méjèèjì kàn ká ayé nígbà tiwọn, ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí sì wà láàrin ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èkíní àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èkejì.

Ilé Mackle, Ọdún 1968

Robert Mackle jẹ́ ẹni tí ó fi ilé kíkọ́ àti ilẹ̀ títà di ọlọ́rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida. Ọmọbìnrin rẹ̀, Barbara Jane, ẹni ogún ọdún, ń kàwé ní Yunifásítì Emory ní ìlú Atlanta. Ọ̀fìnkìn líle tí ó gbòde nígbà náà mú un, ìyá rẹ̀ sì lọ tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n lè jọ padà sílé fún Kérésìmesì. Wọ́n sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní December 17, ọdún 1968, ẹnì kan tí ó dé fìlà bíi ti ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn, ó ní jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ ọmọ náà. Ìyá ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fi oògùn tí ń kunni lóorun sí i nímú, wọ́n dè é, wọ́n sì gbé ọmọ lọ.

Kò pẹ́, fóònù dún ní ilé Mackle ní Florida. Ẹni tí ó pè ní kí wọ́n lọ wo abẹ́ òkúta kan lẹ́bàá igi ọ̀pẹ nínú ọgbà ilé náà. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n bá ìwé. Ìwé náà sọ pé a ti sin ọmọ wọn láàyè nínú àpótí, pé afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ tí ó wà níbẹ̀ kò ní pẹ́ tán, àti pé ìdajì mílíọ̀nù dọ́là ni owó rẹ̀, kí ó jẹ́ owó ogún dọ́là lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹgbàá méjìlá àti ẹgbẹ̀rún kan owó bébà, tí ó kún inú àpótí ìrìnnà.

Bàbá kò bá wọn yọ owó. Kò ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun fi ta ilẹ̀. Ó wá owó náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gbé e lọ ní òru sí ibi tí wọ́n dárúkọ létí omi. Níbẹ̀ ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ìlú náà, tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa ètò yìí, rí ẹni tí ó ń rìn ìrìn tí ó mú ìfura wá, wọ́n sì lé e. Àwọn ajínigbé ju owó sílẹ̀, wọ́n sá lọ. Ẹ ronú sí ọkàn bàbá yìí. Ó ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, owó rẹ̀ sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wà nínú ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibẹ̀ bí kò ṣe àwọn tí ó sá lọ. Ọkùnrin tí ó ní ilé àti ilẹ̀ ní ìlú púpọ̀ wá ń bẹ̀bẹ̀ ní gbangba lọ́dọ̀ olè, ó ń ṣàlàyé pé kì í ṣe òun ni ó rán ọlọ́pàá sí wọn, kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n tún pe òun.

Wọ́n tún pè. A gbé owó náà lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbà á, ọ̀kan nínú wọn sì fi fóònù júwe ibi tí ọmọ wà fún àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, FBI, ní Atlanta. Nínú igbó kan lẹ́yìn ìlú náà ni wọ́n ti hú u jáde ní December 20, láàyè, lẹ́yìn wákàtí 83. Páìpù tín-ín-rín méjì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọwọ́ tẹ ọkùnrin náà, a sì rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà gbà padà.

Ilé Hearst, Ọdún 1974

Ìdílé Hearst ní ìwé ìròyìn káàkiri Amẹ́ríkà. Ní February 4, ọdún 1974, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan tí ó dira ogun jí Patricia, ọmọbìnrin Randolph Hearst, gbé ní Berkeley ní California. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni. Àwọn wọ̀nyí kò béèrè owó fún àpò ara wọn. Wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ fún olúkúlùkù aláìní ní California ní oúnjẹ àádọ́rin dọ́là. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀, yóò tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là, bàbá náà sì ní kò sí irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun. Òun àti àjọ tí ó ń jẹ́ orúkọ ìdílé wọn pa mílíọ̀nù méjì dọ́là pọ̀, wọ́n fi ra oúnjẹ, wọ́n pín in. Ìjà tilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ níbi ìpín náà ní Oakland. Ọmọ kò dé. Ní oṣù April, a gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú téèpù pé òun ti darapọ̀ mọ́ àwọn tí ó jí òun gbé, a sì rí i pẹ̀lú ìbọn nínú báńkì tí wọ́n jà lólè. September ọdún 1975 ni ọwọ́ ọlọ́pàá tó tẹ̀ ẹ́, inú ẹ̀wọ̀n ni bàbá rẹ̀ sì ti lọ wò ó.

Àlàyé Ẹ̀kọ́

Bàbá kan san ìdajì mílíọ̀nù, ọmọ rẹ̀ padà. Bàbá kejì san ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ọmọ kò padà. Bí ó bá jẹ́ pé owó ni ó ń ra ọmọ, ẹni tí ó san jù ni ì bá kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ẹ tún wo Orin Dáfídì 49:6-7. Ẹni tí orin náà ń bá wí ni ẹni tí ó fi ọlà rẹ̀ ṣe odi. Ìròyìn fóònù kan ṣoṣo ti tó láti fi hàn án pé odi náà kò ní ilẹ̀kùn ní ìhà ibi tí ọmọ wà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ kò lówó má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ olówó nìkan ni a ń sọ. Onísáàmù pe tálákà náà sí ìpàdé. Ní July 5, ọdún 2021, àwọn ajínigbé wọ ilé ẹ̀kọ́ wa, Bethel Baptist High School ní ìpínlẹ̀ Kaduna, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ 121 lọ. Àwọn òbí wọn kì í ṣe Mackle tàbí Hearst. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni àwọn ọmọ náà ń padà. 28 nínú wọn dé ọ̀dọ̀ òbí wọn ní July 25, àwọn mìíràn sì dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyá tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí a tú àwọn kan sílẹ̀, tí tirẹ̀ kò sí nínú wọn, mọ Orin Dáfídì 49 ju ẹni tí ó ń kọ ẹ̀kọ́ yìí lọ.

Ìbéèrè kan wà tí kíláàsì yóò béèrè, ó sì tọ́ kí olùkọ́ múra fún un: ṣé ó yẹ kí Kristẹni san owó yìí? Àwọn kan sọ pé rárá, nítorí owó òní ni yóò ra ìbọn ọ̀la. Ní oṣù April ọdún 2022, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá fọwọ́ sí àbá òfin tí ó sọ sísan án di ohun ìjìyà, ìdí tí wọ́n sì fi ṣe é kì í ṣe ohun kékeré. Ní ti Ìwé Mímọ́, ikú ni òfin Mósè dá fún ẹni tí ó jí ènìyàn (Ẹ́kísódù 21:16). Ẹ wá inú òfin náà bí ẹ ó bá rí ibi tí a ti dá òbí lẹ́bi tí ó ra ọmọ rẹ̀ padà. Dáfídì kò san nǹkan kan ní Síkílágì. Ó bi Olúwa, ó lépa wọn, ó gba gbogbo wọn padà. Ṣùgbọ́n Dáfídì ní ọmọ ogun, Olúwa sì ti dá a lóhùn. Nehemáyà ní tirẹ̀ rán àwọn ìjòyè létí pé àwọn ti ra àwọn Júù tí a tà fún kèfèrí padà, gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti tó (Nehemáyà 5:8). Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe bàbá ẹrú kọ̀ọ̀kan ni ó dá san án. Wọ́n dá a jọ ni.

Ní tèmi o, èmi kò rò pé ó yẹ kí ẹni tí fóònù kò tíì dún sí létí máa fi ẹ̀rí ọkàn de bàbá tí ó gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tiwa ni pé kí a má ṣe fi ìdílé náà sílẹ̀ láti máa tọrọ ní ẹnu ọ̀nà ìjọ. Kí a ní kí wọ́n fi tó ìjọba létí. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì ṣe sọ iye tí a ti rí kó jọ nínú ọjà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ti pa ènìyàn nínú irú ọ̀ràn yìí. Bí ọmọ náà bá sì padà, kí a má ṣe bí i léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí bí kò bá fẹ́ sọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó jẹ wá ní ẹ̀rí nítorí pé a dá owó.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Máàkù 10. Jákọ́bù àti Jòhánù ń wá ipò lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì. Nínú ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ipò yìí ni Jésù ti sọ ní ẹsẹ 45 pé òun wá láti sìn, àti láti fi ẹ̀mí òun ṣe owó tí a ó fi ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà. Ohun tí onísáàmù sọ pé kò sí ènìyàn tí ó lè ṣe é, òun ni Ọmọ ènìyàn sọ pé òun wá ṣe. Pétérù tẹ̀lé e, ó ní kì í ṣe fàdákà tàbí wúrà ni a fi rà wá (1 Pétérù 1:18-19).

Kí olùkọ́ má ṣe fa ìtàn Mackle kọjá ibi tí ó lè dé. Ẹnì kan lè fẹ́ béèrè pé ta ni Ọlọ́run san owó náà fún, ṣé Èṣù ni ajínigbé náà? Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀, kí a má sì ṣe bá a sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe fi wákàtí 83 wé ọjọ́ mẹ́ta Olúwa nínú ibojì. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Nígbà tí bàbá gbé owó rìn lóru, ọmọ wà nínú òkùnkùn, kò lè gbẹ́ ara rẹ̀ jáde, kò sì mọ̀ bóyá a ti san án tàbí a kò tíì san án. Òun kò dá sí i rárá. Ẹ fi èyí wé bí ẹ ti ń rò nípa ìgbàlà yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ìjọ, tí ẹ ń ka iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí akọrin Orin Dáfídì 49 fi pe olówó àti tálákà pọ̀?
2. Ẹ fi 1 Sámúẹ́lì 30 wé Nehemáyà 5:8. Èwo nínú méjèèjì ni ìjọ wa ní agbára láti ṣe?
3. Bí a bá jí ọmọ ẹnì kan nínú kíláàsì yìí gbé lálẹ́ òní, ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, ta ni yóò sùn ti ìyá rẹ̀, ọwọ́ ta ni a ó kó owó sí? Ẹ dárúkọ wọn kí ẹ tó túká.