Ibi tí a ó fi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé sí nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń múra ìdánwò WAEC ló ń kọ “She eats pupuru always.” Ó yéni, àmọ́ kò tíì gún. Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ tò ó. Ẹ wá páálí bísíkíìtì, síṣọ́ọ̀sì, rúlà àti bírò.

1. Ẹ gé páálí náà wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8, kó fẹ̀ ní 3. Ọ̀rọ̀ kan, páálí kan: she, eats, pupuru, always.

2. Ká kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ ìṣe. Kí ni olùwà ń ṣe? Eats. Ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má kánjú kúrò níbí, torí òun la ó fi mọ ipò àwọn yòókù.

3. Always, usually, often àti never ń sọ bí nǹkan ṣe ń wáyé léraléra sí. Iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe la ó tì wọ́n sí: “She always eats pupuru.” Tó bá jẹ́ is, are tàbí was ló dá dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń lọ: “She is always early.” Tí has tàbí will bá ṣíwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, àárín méjèèjì ni: “She has never eaten pupuru.”

4. Slowly àti well ń sọ bí a ṣe ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ya ọ̀rọ̀ ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀ nípá. “She stirs slowly the pupuru” kò dáa. “She stirs the pupuru slowly” ló tọ́.

5. Ibi ṣáájú àkókò, bíi ti Yorùbá gẹ́lẹ́: “She went to Okitipupa yesterday.”

6. Ibí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé” bá Gẹ̀ẹ́sì mu: “She has just arrived.” Ṣùgbọ́n tètè, tó ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ ìṣe lẹ́nu wa, ìparí ni early, tó dúró fún un, ń lọ: “She arrived early.” Ẹ kọ gbólóhùn méjèèjì sí páálí, kẹ́ ẹ máa tò wọ́n títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n.

7. Ẹ kọ only sí páálí kan, kẹ́ ẹ mú always kúrò. “Only she eats pupuru”: òun nìkan ló ń jẹ ẹ́. “She eats only pupuru”: kò jẹ nǹkan mìíràn. Ẹ tún gbé only ṣíwájú eats, kẹ́ ẹ wá kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá.