Iṣẹ́ Wo Ló Wà fún Ẹni Tó Kẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀dá-Èdè?

Ẹni tó bá ń kọ́ actuarial science, ìyẹn ìmọ̀ ìṣirò ewu tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti àwọn alákòóso owó ìfẹ̀yìntì ń lò, mọ ọ̀nà tó ń tọ̀. Ìdánwò wà níwájú rẹ̀, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà ń ṣe. Bó ṣe ń yege ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ipò rẹ̀ ń ga sí i. Tiwa ní ẹ̀ka Ẹ̀dá-Èdè kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ní Òkè-Ìlá níbí pé Ẹ̀dá-Èdè àti Yorùbá lẹ̀ ń kà, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì: "Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ nílé yìí náà?"

Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀. Bí gbogbo ará Adó bá gbọ́ Yorùbá, kò sẹ́ni tó máa sanwó fún wa nítorí pé a gbọ́ Yorùbá. Ohun tí wọ́n máa sanwó fún ni èyí tí ẹni tó kàn gbọ́ èdè kò lè ṣe. Mo fẹ́ sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, ibi tí wọ́n ti ń wá a, àti ohun tó yẹ kí ẹni tó wà ní ìpele 200 ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe.

Ọjà tí a ní

Ẹ gbé gbólóhùn méjì yìí yẹ̀ wò: "Adé ní òun mú owó náà" àti "Adé ní ó mú owó náà." Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé wọn kì í ṣe ohun kan náà. Nínú èkínní, Adé fúnra rẹ̀ ló mú owó. Nínú èkejì, ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n yí wọn sí Gẹ̀ẹ́sì kíákíá, méjèèjì á di "Ade said he took the money." Ẹni tó kàn gbọ́ èdè méjèèjì lè má ṣàkíyèsí pé nǹkan sọnù lójú ọ̀nà. Ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì síńtáàsì, tó mọ̀ pé "òun" àti "ó" kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, yóò dúró, yóò sì wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ kó lè yé ẹni tó ń gbọ́. Ìdúró yẹn ni ọjà wa.

Èkejì ni kíkọ. Àkọtọ́ tí à ń lò kò ṣàdédé wáyé. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ CMS ṣèpàdé lórí rẹ̀ ní Èkó ní 1875. Ìgbìmọ̀ kan tún un yẹ̀ wò ní 1966. Ìjọba sì fọwọ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ wa ní 1974. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn pátákó láti Òkè-Ìlá dé Ọjà Ọba, kí ẹ ka iye tó fi àmì ohùn síbi tó yẹ. Bí a bá kọ "eje" láìfi àmì sí i, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ inú ara, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí èèyàn jẹ́ níwájú Ọlọ́run, ó sì lè jẹ́ èje tó tẹ̀lé ẹ̀fà. Kò yẹ kí aláìsàn máa méfò lórí ìwé ìlànà ilé ìwòsàn.

Ibi tí wọ́n ti ń wá a

*Ilé ẹjọ́.* Abala 36(6)(e) nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè tí kóòtù ń lò, ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ Adé yẹn. Bí ògbufọ̀ bá ṣì í túmọ̀, adájọ́ kò ní mọ̀ bóyá ó jẹ́wọ́ ni tàbí ó fẹjọ́ ẹlòmíràn sùn. Ẹ̀wọ̀n wà lórí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo.

*Rédíò àti ìròyìn.* BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn Yorùbá ní oṣù Kejì 2018. Nílé níbí, rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìlókùn, Progress FM ti ìjọba àpapọ̀ sì wà nínú ìlú yìí kan náà. Ìròyìn sábà máa ń dé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó máa kà á ní láti yí i sí Yorùbá tí ìyá arúgbó máa gbọ́ yé, kí aago tó lù. Ẹ̀yin tó máa di àgùnbánirọ̀ láìpẹ́, ẹ ro ilé-iṣẹ́ rédíò mọ́ ibi tí ẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún.

*Kọ̀ǹpútà.* Google fi Yorùbá kún èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń lò ní oṣù Kejìlá 2013. Kọ́lá Túbọ̀sún, tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ní Ìbàdàn, dá YorubaName.com sílẹ̀ ní 2015, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ohùn Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà tí Google gbé jáde ní 2019. Ní ọdún yẹn kan náà ni Masakhane bẹ̀rẹ̀, àjùmọ̀ṣe àwọn tó ń ṣèwádìí lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Ìmọ̀ ẹ̀ka-èdè wa wúlò níbí. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ́lì "u" kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní Èkìtì, à ń sọ "ulé" àti "ugi". Ẹ̀rọ tí wọ́n fi Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan kọ́ yóò ṣi ìyá wa gbọ́, ẹni tó lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ni wọ́n nílò.

*Olùkọ́ni.* WAEC àti NECO ṣì ń ṣe ìdánwò Yorùbá. Ẹni tó gba B.A. tí kò kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní láti gba PGDE kí TRCN tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ètò Fulbright FLTA náà wà, tó ń gbé àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ lọ kọ́ni ní Yorùbá ní yunifásítì Amẹ́ríkà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ẹyin yín sínú apẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Ẹni tó ti ń retí iṣẹ́ láti inú ìlànà yẹn ti padà sẹ́nu ọ̀nà.

*Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ.* Ọmọ tó ń kólòlò àti àgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ nílò ẹni tó mọ bí ahọ́n ṣe ń pe ìró. Fònẹ́tíìkì wa wúlò níbẹ̀, àmọ́ ìwé-ẹ̀rí wa nìkan kò tó: ó kù kí ẹ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ.

Ohun tó yẹ ká ṣe báyìí

Àkọ́kọ́, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀ títí ọwọ́ yín yóò fi yá. Ẹni tó ń fọwọ́ kọ àmì lórí pépà lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ tán kò tíì ṣetán.

Èkejì, ẹ ní iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ lè fi hàn: ìròyìn kan tí ẹ túmọ̀, ohùn kan tí ẹ gbà sílẹ̀ tí ẹ sì kọ jáde, àti àlàyé ojú ewé kan lórí ìṣòro ìtumọ̀ tí ẹ yanjú. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kan bá yín yẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ìmọ̀ kan tì í: títún ohùn ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, tàbí òfin. Ẹ̀dá-èdè nìkan ń rìn; bó bá ní ẹnìkejì, ó ń sáré.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ iye wákàtí yín. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀rọ̀ Èkìtì tí mo gbà sílẹ̀ gbà mí ju wákàtí kan lọ kí n tó kọ ọ́ jáde tàmì-tàmì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò san owó wákàtí kan, ẹ bi í: ṣé wákàtí ohùn ni, àbí wákàtí iṣẹ́?

Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn yìí. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, bí ẹ ṣe rí i, àti ẹ̀kọ́ kíláàsì tí ẹ ń lò níbẹ̀. Bí ẹni mẹ́wàá bá kọ ọ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á mọ ibi tí ọ̀nà gbà.