Oríta Inú Àpótí Kọ̀ǹpútà

Ta ni kò mọ oríta Orè, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó? Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó ti Èkó bọ̀ ti ń pínyà: òmíràn a yà sí Oǹdó, òmíràn sí Òkìtìpupa, òmíràn a sì kọrí sí Ìbíní. Bí oríta náà bá dí, ìrìn-àjò gbogbo wọn a dúró.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ilé tí a ń kó àwọn kọ̀ǹpútà ńlá sí, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ MainOne ṣí ní Lẹ́kí, ní Èkó, ní ọdún 2015. Inú àpótí irin ni a ń to wọn sí. Ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ súwíìṣì, tí kì í ṣe èyí tí a fi ń tan iná, ni oríta wọn. Òun ni ó ń darí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ó ń lọ.

Olùtọ́jú tí ó gbọ́n kì í gbẹ́kẹ̀ lé oríta kan ṣoṣo. Súwíìṣì méjì ni ó ń lò, a sì so kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mọ́ méjèèjì. Ó ń kọ àmì sí ara wáyà gbogbo. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kì í kánjú yọ ọ́ títí yóò fi rí i dájú pé èkejì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣèèṣì yọ èyí tí ó yè, owó tí ìyá fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lè há sójú ọ̀nà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.