Ìbéèrè Mẹ́rin Lórí Awọ Ewúrẹ́: Ẹ̀kọ́ Òwò Àgbáyé fún Àwọn Ọmọ Wa ní Minanata

Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Yorùbá tí ẹ ń gbé Minanata, nínú ìlú Sókótó gan-an, ẹ lè fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ òwò àgbáyé. Ẹ gbé bàtà awọ kan síwájú wọn, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní: níbo ni awọ yìí ti wá, èé sì ti ṣe? Ewúrẹ́ pupa ni agbègbè yìí fi lókìkí. Awọ rẹ̀ kúnná, ó sì yi. Ilẹ̀ gbígbẹ bá ewúrẹ́ lára mu. Èso igi bagaruwa, tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń rẹ awọ kí ó má baà jẹrà, ń so níbẹ̀ pẹ̀lú.

Èkejì: ọ̀nà wo ni ó gbà jáde? Ẹ tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ayé sílẹ̀. Láyé àtijọ́, ràkúnmí ni ó ń ru awọ la aṣálẹ̀ Sàhárà já. Hugh Clapperton gba Tírípólì dé Sókótó ní 1824. Nígbà kejì, ó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1825, ó la ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, ó sì dé Sókótó ní 1826. Kí àwọn ọmọ fi ìka tọ ọ̀nà méjèèjì.

Ẹ̀kẹta: ta ni ó jèrè? Nítorí pé ọwọ́ àwọn ará Mòrókò ni Yúróòpù ti ń rí i rà, wọ́n pè é ní awọ Mòrókò. Báyìí ni orúkọ ẹni tí ó sìn ín àti ẹni tí ó ṣe é ṣe sọnù. Bí a bá ta awọ láìtíì sọ ọ́ di bàtà, èrè tí ó pọ̀ jù di ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin: kí ni ó lè dí òwò lọ́wọ́? Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba Nìjẹ́ẹ̀ ní oṣù Keje 2023, Nàìjíríà ti ibodè. Oṣù Kẹta 2024 ni a tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i. Illela, ní ìpínlẹ̀ Sókótó, wà lára ẹnubodè wọ̀nyẹn.

Ẹ má ṣe dáhùn fún àwọn ọmọ. Kí àgbà kan mú wọn tọ àwọn oníṣẹ́ awọ lọ, kí wọ́n fi èdè Hausa kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ ọ̀nà tí awọ gbà kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ọwọ́ tí ó ṣe é.