Ẹ̀KỌ́ LÁBẸ́ IGI: OHUN TÍ ỌMỌDÉ YÓÒ BÁ PÀDÉ NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ INÚ IGBÓ NÍ OREGON

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Nítorí náà ni a ṣe mú ẹ̀kọ́ yìí láti ọ̀nà jíjìn wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí á lè wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń fi ìmọ̀ ilẹ̀, omi, igi àti ẹranko kọ́ ọmọ wọn, kí á sì mú èyí tí ó bá dára níbẹ̀ lò ní oko tiwa.

1. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà wà. Oregon jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní etí Òkun Pàsífíìkì. Òjò a máa pọ̀ ní ìhà òkun rẹ̀, igbó ibẹ̀ sì kún fún igi gíga tí ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́. Láti ọdún 1957 ni àwọn olùkọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí àgọ́ inú igbó, kí wọn lè sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọn sì fi ojú ara wọn rí ohun tí ìwé ń sọ. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún tàbí ìkẹfà, tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún 10 sí 12, ni ó ń lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-ìwé tí owó rẹ̀ bá tó ni ọmọ rẹ̀ ń rí i lọ. Ọmọ ilé-ìwé tí kò ní a jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Nofẹ́ńbà 2016 àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò pé kí á yọ lára owó tí ìjọba ń rí nínú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì, kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà lè jọ lọ. A kò gbóríyìn fún tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé àwọn àgbà ibẹ̀ ka ẹ̀kọ́ yìí sí ohun tí kò yẹ kí a fi du ọmọ kankan.

2. Ìmúra. Kí ọmọ tó kúrò nílé, òbí rẹ̀ ní láti kọ ohun gbogbo tí ó kan ìlera rẹ̀ sínú ìwé: oúnjẹ tí kò bá a lára mu, oògùn tí ó ń lò, àti bí ó bá ní ikọ́ fée. Oògùn ní láti wà nínú ìgò tirẹ̀, a ó sì fi í lé olùtọ́jú lọ́wọ́, kì í ṣe sínú àpò ọmọ. Ọmọ yóò mú aṣọ tí ó móoru, aṣọ òjò, bàtà tí ó le, àpò ìsùn àti tọ́ọ̀ṣì. Tẹlifóònù a máa dúró nílé, kí ọmọ má ba à máa wo inú rẹ̀ nígbà tí ẹyẹ ń ké lókè orí rẹ̀. Ohun dídùn náà a máa dúró nílé, nítorí pé òórùn rẹ̀ ń pe èkúté sínú yàrá.

3. Òru èkínní. Nínú ilé onígi ni àwọn ọmọ ń sùn, ibùsùn kan lórí èkejì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga tí wọ́n dàgbà jù wọ́n lọ ni ó ń ṣe aṣáájú wọn, lábẹ́ ojú àwọn àgbà. Àwọn aṣáájú wọ̀nyí a máa fi orúkọ igi tàbí ẹyẹ pe ara wọn níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà nínú àgọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan a sì so pátákó róbótó kan, tí a rẹ́ lára ẹ̀ka igi, mọ́ ọrùn, orúkọ rẹ̀ a wà lára rẹ̀. Kì í ṣe ohun ìtìjú bí ọmọ bá sunkún ilé ní òru èkínní. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń sunkún, bí ọjọ́ kejì bá sì ti mọ́, iṣẹ́ a mú wọn gbàgbé. Ìyá tí ó bá wí fún ọmọ rẹ̀ pé, “Bí àárò bá sọ ọ́, èmi yóò wá mú ọ,” kò ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀yìnkùlé ni ọkàn ọmọ náà yóò máa wà. Ó sàn kí ó wí pé, “Mo mọ̀ pé ìwọ yóò lè ṣe é.” Bí ọmọ bá ń tọ̀ sí ibùsùn, kí òbí sọ ọ́ fún olùtọ́jú ní ìkọ̀kọ̀, a ó mọ bí a ó ti ṣe é tí ẹnikẹ́ni kì yóò fi rẹ́rìn-ín.

4. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin. Ilẹ̀, omi, igi àti ẹranko ni olórí ẹ̀kọ́ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ ilẹ̀, àwọn ọmọ a gbẹ́ kòtò, wọn a sì wo bí ilẹ̀ ti tò ní ìpele ìpele, láti orí ewé jíjẹrà títí dé ilẹ̀ líle ìsàlẹ̀. Wọn a wá ekòló àti olú, a ó sì fi hàn wọ́n pé àwọn wọ̀nyí ni ó ń sọ òkú ewé di oúnjẹ fún igi tí ó wà láàyè.

Ní ọjọ́ omi, wọn a wọ bàtà òjò lọ sínú odò kékeré, wọn a wọn bí omi ti tutù tó, wọn a sì yí òkúta wò láti rí àwọn kòkòrò tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Kòkòrò mìíràn wà tí kì í lè gbé inú omi ìdọ̀tí. Bí a bá rí i, ẹlẹ́rìí rere ni fún odò náà. Ẹja salmon, tí ó ti inú òkun gòkè wá láti yé ẹyin, ń fẹ́ omi tútù, nítorí pé omi tútù ń gba afẹ́fẹ́ mímí mọ́ra ju omi gbígbóná lọ. Òjìji igi etí odò ni ó ń mú kí omi náà tutù. Ẹni tí ó bá gé igi etí odò, ó ti fọwọ́ kan ẹja inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ igi, wọn a ka òrùka inú kùkùté láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Òrùka tí ó fẹ̀ ń sọ ti ọdún tí ara tu igi náà. Èyí tí ó há, ó lè jẹ́ ọdún ọ̀dá tàbí ọdún tí igi mìíràn bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ ẹranko, wọn a tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Wọn a sì tú ìṣù kékeré kan tí òwìwí pọ̀ jáde lẹ́nu. Òwìwí a máa gbé eku mì lódindi. Irun àti egungun tí kò lè dà nínú rẹ̀ ni ó ń pọ̀. Nínú ìṣù kan ṣoṣo ọmọ lè rí agbárí eku ju ẹyọ kan lọ. Ẹyẹ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lé pẹ̀lú òkò pé ẹyẹ àjẹ́ ni, òun ni ó ń pa ọ̀tá àká wa ní òru, kò sì béèrè owó ọ̀yà.

5. Oúnjẹ àti alẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, a máa ń kó àjẹkù jọ, a ó sì gbé e sórí ìwọ̀n lójú gbogbo ọmọ. Kò sí ẹni tí a ń bá wí; ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ ni wọn ń kọ́ láti bu ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ. Ní alẹ́, wọn a yí iná ká, wọn a kọrin, wọn a sì ṣe eré.

6. Ewu àti ìṣọ́ra. Ewéko kan wà níbẹ̀, ewé mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń so pọ̀, oje rẹ̀ a sì máa mú ara yún, kí ó lé ròrò. Ẹni tí ó bá fara kàn án, kí ó fi ọṣẹ àti omi wẹ ibẹ̀ kíákíá. Kí á máa yẹ ara wò fún eégbọn ní ìrọ̀lẹ́. Kí a má mu omi odò bí ó ti wù kí ó mọ́ tó lójú, nítorí pé àrùn inú omi kò ní àwọ̀. Aṣọ tútù kò gbọdọ̀ pẹ́ lára ọmọ nínú òtútù.

7. Ẹ̀kọ́ fún àwa náà. Ẹnìkan lè wí pé, “Ọmọ tiwa ti mọ oko, kí ni ó tún kù?” Òótọ́ ni pé ó mọ ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ nílé-ìwé, kí ni a ń fún un ṣe? A ó fi àdá lé e lọ́wọ́ pé kí ó lọ ro pápá. Bí ó bá kùnà nínú ìwé, a ó wí pé oko ni yóò bá lọ. Báyìí ni a ti sọ ilẹ̀ tí ó bọ́ wa di pàṣán, a sì ń ṣe kàyéfì pé àwọn ọ̀dọ́ ń sá kúrò lóko. Àwọn ará Oregon ń dìbò kí ọmọ wọn lè rí ọjọ́ díẹ̀ fi ọwọ́ kan ohun tí tiwa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Bíbélì pàápàá jẹ́rìí pé Sólómọ́nì ọba, nínú ọgbọ́n rẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa igi, ẹranko, ẹyẹ àti ẹja. Kò sì kà á sí ìyà.

Nítorí náà ẹ dán èyí wò pẹ̀lú ọmọ yín ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀. Ẹ mú ìgò kan tí ojú lè ríran gba inú rẹ̀. Ẹ bu ilẹ̀ oko sí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ fi omi kún un, ẹ dé e, ẹ mì í gidigidi, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀. Iyanrìn yóò kọ́kọ́ rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ní kíákíá. Erùpẹ̀ kíkúnná yóò tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Amọ̀ yóò kẹ́yìn, ó sì lè tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi okùn wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ bu ilẹ̀ àkùrọ̀, kí ẹ ṣe bákan náà, kí ẹ sì bi ọmọ pé: Èwo nínú méjèèjì ni omi yóò pẹ́ nínú rẹ̀? Níbo ni a ó gbin iṣu sí, níbo sì ni a ó gbin ìrẹsì? Ẹ má sọ ìdáhùn fún un. Ẹ jẹ́ kí ó wò ó títí yóò fi rí i fúnra rẹ̀.