Ìbojú Wà Lórí Ìṣó, Ojú Ń Ta Mí

Ìbéèrè

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ọdún kẹta rèé tí mo ti gba fíríìdọ̀mù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jí lóru, ojú ń ta mí bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn gbígbóná sí i. Omi ń dà, mi ò lè wo iná. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ti lọ. Ohun tó dùn mí ni pé mo ní ìbojú. Orí ìṣó ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá ti rí ẹni tó farapa, màá lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, màá sì tún gbàgbé. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹni tó mọṣẹ́ kì í sá fún iná. Mo ti wá ní ọmọ iṣẹ́ kan báyìí, ọmọ ọdún 16. Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ di àṣà tí kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi mọ́?

Wẹ́dà, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo mọ òru yẹn, èmi náà ti sùn ún rí, tàbí kí n ní mi ò sùn ún. Iná wẹ́dìn ló jó awọ ojú rẹ, gẹ́gẹ́ bí oòrùn ṣe ń jó ara ẹni tó dúró pẹ́ jù lóko. Kì í dunni lójú ẹsẹ̀. Wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lè kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru eruku tàbí àìsùn. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, má fọwọ́ ra á. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún omi ọyàn tàbí ìtọ̀ sí i, má sì ra oògùn tó ń mú ojú kú tipiri lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, torí pé kì í jẹ́ kí egbò ojú jiná. Jókòó síbi tó ṣókùnkùn, fi aṣọ tútù bo ojú, kí o sì lọ rí dókítà ojú. Tó bá jẹ́ èérún irin ló wọ ojú, má dúró di ọ̀la.

Ní ti ìbéèrè rẹ gan-an, má pe ara rẹ ní olóríkunkun. Ìwọ mọ ohun tó yẹ. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni gbogbo ọjọ́ tí o kò lo ìbojú, tí ohunkóhun kò sì ṣe ọ́. O ta tákì kan, ẹyọ iná kékeré tó ń di irin mú, láìbojú, o délé, o jẹun, o sùn. O tún ṣe é lọ́la. Ọwọ́ rẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ lára àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ju bí orí rẹ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ lára ìkìlọ̀ ọ̀gá. Irọ́ ni ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹ̀rù tó bà ọ́ nígbà tí ẹnìkan farapa kò lè bá a du ipò, torí ẹ̀rù kì í pẹ́ lára èèyàn ju ọjọ́ mẹ́rin tí o kà fún mi yẹn lọ.

Iṣẹ́ kékeré ló léwu jù. Bí a bá fẹ́ jó géètì láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo wa la ń bojú. Àfi ìgbà tí a bá ní ká kàn fi ẹyọ kan mú un, a ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó di í, a ó sì jó o. Nígbà tí mo ṣì ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́, mo ti parí férémù fèrèsé, mo ti bọ́ ìbojú sílẹ̀, ó ku kí n fi òòlù lu ìdàrọ́ ojú wẹ́dìn kúrò. Lílù kan péré. Èérún rẹ̀ tó ṣì gbóná fò, ó bọ́ sí mi lójú ọ̀tún. Títí dòní, bí mo bá di ojú òsì, ìkùukùu díẹ̀ ń bẹ nínú ohun tí mò ń wò. Gíláàsì funfun olówó kékeré ì bá gbà mí.

Nítorí náà, má gbẹ́kẹ̀ lé ìpinnu. Gbé ìbojú síbi tí ọwọ́ rẹ ń lọ tẹ́lẹ̀. Yọ ọ́ kúrò lórí ìṣó yẹn lónìí. Ìgbà tí o bá ń ṣíwọ́ lálẹ́, fi ìbojú bo hóódà tí o fi ń di ẹlẹ́tíróòdù mú, kí ó má ṣeé ṣe fún ọ láti mú ọ̀kan láìkọ́kọ́ gbé èkejì. Fi gíláàsì funfun há ọrùn òòlù ìdàrọ́. Wo ọ̀kọpẹ: kì í ronú bóyá kóun yẹ igbà wò lónìí. Ó ti fi igbà yí ọ̀pẹ ká, ó ti fà á, ó ti fi ara tì í sẹ́yìn nílẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Fífà igbà ti di apá kan nínú gígun ọ̀pẹ lójú tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìbojú dé lójú tìrẹ.

Fi ẹnu sí i pẹ̀lú. Ní Jàpáànì, awakọ̀ ojúrin a máa na ìka sí iná ojú ọ̀nà, a sì pe ohun tó rí síta kó tó wakọ̀ kọjá. Nígbà tí ilé ìwádìí ọkọ̀ ojúrin ibẹ̀ dán an wò ní 1994, àṣìṣe àwọn tí kò nàka tí wọn kò sì pe nǹkan kan jẹ́ 2.38 nínú 100; ti àwọn tó ṣe méjèèjì wálẹ̀ sí 0.38. Kí ìwọ náà tó tan ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin, fọwọ́ kan ìbòrí rẹ̀, kí o pè é: "Ìbòrí wà." Fọwọ́ kan díìsìkì: "Kò sán." Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yóò rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ ẹ̀rọ yẹn, torí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tú ìbòrí dànù kí díìsìkì ńlá oní-ínṣì 9 lè wọ ẹ̀rọ kékeré. Ka ohun tí wọ́n kọ sára díìsìkì náà: kò gbọ́dọ̀ yí ju nǹkan bí 6,600 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ kékeré ń yí tó 11,000. Bó bá fọ́, kò sí ojú tó lè ṣẹ́ kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní kí o lò ó bẹ́ẹ̀, fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé o ò lè ṣe é, kí o ka nọ́ńbà náà sí i létí.

Ó ku ọ̀rọ̀ èéfín. Mílíìkì tí a ń mu láti fi pa oró rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jó irin onísíńkì tán ńkọ́? Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń wọ̀. Wọn kò pàdé. Ibà tó máa ń mú wa lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èéfín náà ló fà á. Láti 2017 ni àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ka èéfín wẹ́dìn mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Gbé iṣẹ́ náà síta, fá síńkì kúrò níbi tí o fẹ́ jó, dúró síbi tí atẹ́gùn yóò ti gbé èéfín kúrò níwájú rẹ.

Ní ti àwọn tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, má bá wọn jà. Púpọ̀ nínú wọn ń fi ẹ̀rín bo ojú tó ń ta àwọn náà lóru. Èmi náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lé ọ lọ́wọ́ nípa rẹ̀. Òun ló ń bá ọ di irin mú. Bí ìwọ bá bojú, ojú tirẹ̀ ṣófo, iná kan náà ló ń wò, àgàgà tó bá ń ti ara ògiri funfun ta padà. Má sọ fún un pé kó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí o tó ra páálí ẹlẹ́tíróòdù mìíràn, ra ìbojú tirẹ̀, kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí o sì fún un láṣẹ níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé bó bá rí ọ tí o fẹ́ ta tákì láìbojú, kí ó fi irin náà sílẹ̀.