Ẹ Yé Wo Iná, Ẹ Wo Swíìṣì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tẹ̀wé jẹun ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, iná aláràbarà abẹ́ bọ́tìnnì ni mo rí i pé ẹ ń wò kí ẹ tó ra kíbọ́ọ̀dù. Iná kò ní bá yín tẹ lẹ́tà kan.

Swíìṣì, ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tó ń gba ìtẹ̀ ìka, ni kí ẹ béèrè. Àwọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń sọ ìwà rẹ̀. Búlúù a máa pariwo. Mo ra ọ̀kan rí. Lóru ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, ìyàwó mi ní ṣé mo ti gbé òfì wọ yàrá ni! Pupa ń lọ sísàlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, nǹkan bíi gíráàmù 45 ti tó láti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìka tó wúwo á máa ṣì í tẹ̀. Búráùn ni mo fẹ́ fún yín: ìka á mọ̀ pé lẹ́tà ti wọlé, aládùúgbò kò sì ní bínú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé swíìṣì ilé-iṣẹ́ Cherry ti Jámánì nìkan ló dára. Gateron àti Outemu láti Ṣáínà ń ṣe irú rẹ̀, owó wọn sì rọjú.

Bí owó bá gbà á, ẹ ra kíbọ́ọ̀dù tí a lè fa swíìṣì rẹ̀ yọ láìfi iná yọ́ òjé ìdí rẹ̀. Eruku ọyẹ́ Òkè-Ògùn kò mojú ẹnìkan; tí bọ́tìnnì kan bá kú, ẹ ó pààrọ̀ ẹyọ kan péré. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kódà bí ọlọ́jà bá ń kánjú.